IYE TÍ Ó TI ILÉ ÀYẸ̀WÒ JÁDE

Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa yìí, omi fúnra rẹ̀ ti di ẹni tí à ń ṣe ọ̀tá sí. Epo rọ̀bì ń tú sínú rẹ̀, ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn lọ bá a, ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ sì ń wọ inú rẹ̀ lóru. Nígbà tí àríyànjiyàn bá dé, tí apẹja wí pé odò òun ti bàjẹ́, tí ẹlòmíràn sì wí pé kò bàjẹ́, ilé àyẹ̀wò ni a máa ń sáré lọ. Bí ìwé bá sì ti ibẹ̀ jáde, tí iye wà lára rẹ̀, gbogbo ẹnu a pa mọ́. Ohun tí àwa fẹ́ wí níhìn-ín ni pé kò yẹ kí ẹnu pa mọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀. Iye tí a kọ sínú ìwé dà bí ẹlẹ́rìí ní ilé ẹjọ́: a kò gbọdọ̀ lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ kí a tó bi í léèrè ibi tí ó dúró sí nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní Bodo, ní ilẹ̀ Ogoni, epo tú sínú àwọn ẹsẹ̀ odò lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2008. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ wò ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbá 1,640 ni ó tú ní ìgbà èkíní. Àwọn mìíràn tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn náà wí pé ó ju 100,000 lọ. Ní 2014, ilé iṣẹ́ tí ó ń tọ́jú ọ̀pá epo náà gbà nínú ẹjọ́ tí a pè é sí ní London pé iye àkọ́kọ́ kéré jù. Ní 2015, ó gbà láti san 55 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún àwọn ará Bodo. Ẹ wo bí iye kan ṣoṣo ti lè di ọ̀ràn oúnjẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Báwo ni a ṣe ń bi iye léèrè? Èkíní, ta ni ó bu omi náà, níbo, àti nígbà wo? Omi ẹsẹ̀ odò kì í dúró sójú kan. Ó ń kún, ó sì ń fà pẹ̀lú òkun. Ẹni tí ó lọ bu omi nígbà tí òkun kún lè bu omi òkun tí ó mọ́, kí ó sì wá kọ ọ́ pé odò mọ́. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ odò náà.

Èkejì, báwo ni a ṣe tọ́jú rẹ̀? Omi inú ìgò kì í sùn. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú rẹ̀ ń jẹ, wọ́n ń mí, wọ́n sì ń bí sí i. Nítorí náà ni a ṣe ń fi yìnyín yí ìgò ká kí ó má baà gbóná. Nítorí náà pẹ̀lú ni a ṣe ń wọn ọ́síjìn inú omi létí odò gan-an, tàbí kí a fi oògùn dè é lójú kan náà, gẹ́gẹ́ bí Winkler ti fi hàn ní 1888. Omi tí ó bá wà nínú oòrùn lẹ́yìn ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe omi odò mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ odò ni a kọ sí ara ìgò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ilé àyẹ̀wò dán ara rẹ̀ wò? Ọ̀nà mẹ́ta ni a mọ̀. A ń gbé ìgò kan tí omi mímọ́ gaara wà nínú rẹ̀ lọ sí odò, a sì ń gbé e padà pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí a bá rí epo nínú rẹ̀, a mọ̀ pé láti ọwọ́ wa tàbí láti ara ìgò ni epo náà ti wá. A ń bu omi ìgò méjì ní ibì kan náà, a kò sì jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 10 tí èkejì sì jẹ́ 30, èwo ni kí a gbàgbọ́? Lẹ́yìn náà, a ń fi ìwọ̀n tí àwa fúnra wa mọ̀ sínú omi kan. Bí a bá fi 100 sí i, tí wọ́n rí 40 péré, ó dájú pé wọ́n lè pàdánù irú rẹ̀ nínú omi yòókù pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: “a kò rí i” kì í ṣe “kò sí.” Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan lélẹ̀ fún benzene nínú omi mímu, nítorí pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ẹ̀rọ kan kò bá lè rí ohun tí ó kéré sí 50, tí a sì kọ “a kò rí i,” kí ni ìwé náà sọ fún ẹni tí ń mu omi náà? Kò sọ ohunkóhun.

Nígbà tí a bá bi iye léèrè tí ó sì dáhùn dáadáa, agbára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ní 2011, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tẹ ìwé jáde lórí Ogoni. Wọ́n ti yẹ ibi tí ó ju 200 lọ wò, wọ́n sì ti dán omi, ilẹ̀ àti nǹkan mìíràn tí ó ju 4,000 lọ wò ní àwọn ilé àyẹ̀wò tí a ti fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ń mu omi kànga tí benzene inú rẹ̀ ju ìwọ̀n Àjọ Ìlera lọ ní ìlọ́po 900. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń pariwo tipẹ́. Iye tí a ṣọ́ dáadáa ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ igbe wọn.

Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìlẹ́bi, kí a tún ba iye jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìlú Flint ní Amẹ́ríkà, ní 2015, a wá òjé nínú omi ẹ̀rọ tí ó ti odò wá. Nínú omi ilé 71 tí a kó jọ, iye tí òfin fi ń ṣe ìdájọ́ jẹ́ 18, ìwọ̀n tí òfin ìgbà náà sì fi lélẹ̀ jẹ́ 15. Àwọn ìjòyè yọ omi méjì kúrò, wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Ó ku 69, iye náà sì sọ̀ kalẹ̀ di 11. Báyìí ni omi tí kò dára ṣe di omi dáadáa lórí ìwé, nígbà tí àwọn ọmọdé ṣì ń mu ún.

Ẹnìkan lè wí fún wa pé, “Bí ẹ bá ń béèrè báyìí, ẹ ó kọ́ àwọn tí ó ba omi jẹ́ ní àwáwí. Wọn yóò máa wí pé ìgò kò tutù, pé ọwọ́ kò mọ́, ọdún yóò sì máa gorí ọdún.” A gbà pé ẹ̀rù yìí tọ́. Nítorí náà, kò tó kí a wí pé àléébù wà. A gbọ́dọ̀ béèrè ìhà tí àléébù náà fi sí. Benzene ń fò lọ bí òórùn pẹtiróòlù. Ìgò tí a kò dé dáadáa kì í sábà sọ pé benzene pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Ó máa ń sọ pé ó kéré. Ẹni tí ó bá fi irú àléébù yìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rí tí ó mú wá, òun gan-an ni yóò dá lẹ́bi. Àti pé, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ṣì ń jiyàn, ẹ jẹ́ kí a gbé omi mìíràn fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ.

Àwa ńkọ́, tí a ń múra láti di olùkọ́? Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Mélòó nínú wa ni kò tíì pa iye tirẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ìdánwò sáyẹ́ǹsì, kí ó lè bá ti ẹnìkejì tàbí ti ìwé dọ́gba? A rò pé máàkì ni à ń wá. Ìwà ni à ń kọ́. Ọmọ tí a bá kọ́ pé iye tí ó dọ́gba sàn ju iye tí a rí lọ, yóò dàgbà, yóò jókòó sí ilé àyẹ̀wò, ìgò omi odò kan yóò sì dé iwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. A bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n fi máàkì fún ẹni tí ó kọ iye tí kò dọ́gba sílẹ̀ tí ó sì wá ìdí rẹ̀. Kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a ó kọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.