Olùgbà, Oníbodè àbí Agbàmì? Èdè-Ìperí Kan nínú Ọ̀rọ̀ Àrùn Ìfun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a fẹ́ wò níhìn-ín kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i: sẹ́ẹ̀lì inú ìfun ni. Ọmọ tí a fẹ́ sọ lórúkọ ni ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní receptor, èyí tí í ṣe purotéènì tí ó wà ní ara sẹ́ẹ̀lì tàbí nínú rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti dá àmì kan pàtó mọ̀, kí ó sì mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe ohun tí àmì náà ń béèrè. Orúkọ mẹ́ta ni ó máa ń tètè wá sí ọkàn atúmọ̀: olùgbà, oníbodè, àti rìsẹ́pítọ̀ tí a yá lódidi. Kò sí èyí tí ó tó tán nínú wọn bí a bá gbé e dé ìdí àrùn ìfun wíwú bárakú.

Ẹ̀yà méjì àrùn náà ni ó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀kan ni èyí tí a fi orúkọ Burrill Crohn pè, nítorí pé òun, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer ni wọ́n ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní New York ní 1932. Ó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ṣùgbọ́n ìparí ìfun kékeré ni ó sábà máa ń mú. Èkejì ni àrùn egbò ìfun ńlá, tí Samuel Wilks ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní London ní 1859; awọ inú ìfun ńlá nìkan ni ó ń jẹ. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti ara rírù ni wọ́n fi ń hàn, wọn a lọ, wọn a tún bọ̀, fún ọdún gbọọrọ. Atúmọ̀ tí ó bá pè wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ti ṣi aláìsàn lọ́nà, nítorí pé ohun dídùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dì mọ́ pé ó fà á.

Ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gbé inú ìfun ènìyàn, ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó sì la àárín wọn àti ẹran ara. Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó wà lóde. Èyí tí a ń pè ní TLR4 dúró sí ara awọ sẹ́ẹ̀lì, ó ń dá ohun ọlọ́ràá kan mọ̀ tí ó wà lára ẹ̀wù àwọn kòkòrò kan. Bí a bá dúró níbí, oníbodè dùn-ún gbọ́. Nígbà tí odi ṣì yí ìlú Yorùbá ká, oníbodè ni ó ń ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Ṣùgbọ́n NOD2 kò sí ní bodè rárá. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ó wà, èérún ara ògiri kòkòrò ni ó sì ń dá mọ̀ níbẹ̀. Oníbodè wo ni ó ń jókòó sí ìyẹ̀wù?

A kò sì lè fọwọ́ rọ́ NOD2 sẹ́yìn. Ní 2001, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì fi hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature pé àwọn àyípadà kan nínú jíìnì rẹ̀ a máa mú kí ewu àrùn Crohn pọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àyípadà náà ni àrùn kò mú. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé NOD2 tí ó yí padà báyìí kì í gbọ́ àmì kòkòrò ní àgbọ́jù. Kì í gbọ́ ọ dáadáa ni. Àwọn olùṣèwádìí mìíràn tún fi eku ṣe àyẹ̀wò ní 2004. Wọ́n fún àwọn eku tí kò ní TLR4 ní kẹ́míkà tí ń ba ìfun jẹ́. Bí TLR4 bá jẹ́ ọ̀tá, ara àwọn eku wọ̀nyí ì bá le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀: ìfun tiwọn ni ó bàjẹ́ jù. Àmì tí ń wá láti ọ̀dọ̀ kòkòrò inú ìfun wà lára ohun tí ìfun fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, orúkọ yòówù tí ó bá dá lórí ibùgbé, tàbí tí ó bá sọ nǹkan yìí di ojú ọ̀nà àrùn, yóò já sí irọ́.

Olùgbà ńkọ́? Ó sún mọ́ ọn, nítorí pé láti inú èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí gbígbà ni Paul Ehrlich ti mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní 1900. Ṣùgbọ́n atúmọ̀ kò jẹ ìtàn ọ̀rọ̀ Látìn ní gbèsè. Iṣẹ́ nǹkan ni ó yẹ kí ó túmọ̀. Olùgbà kò sọ ohun tí a gbà. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùn, ẹni tí ó gba owó orí, ẹni tí ó gba ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, olùgbà ni gbogbo wọn. Nínú ìwé ìlera kan náà, a lè bá olùgbà ẹ̀jẹ̀ àti olùgbà ara sẹ́ẹ̀lì pàdé lójú ewé kan.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni àìpé yìí ti ń di ewu. TNF jẹ́ àmì tí sẹ́ẹ̀lì kan ń rán sí òmíràn pé ìjà dé. Infliximab, tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1998 fún àrùn Crohn, kì í fọwọ́ kan ohun tí ń gba TNF. TNF fúnra rẹ̀ ni ó ń dì mú kí ó má baà dé ibi tí a rán an. Vedolizumab, tí a fọwọ́ sí ní 2014, ń ṣe òdìkejì. Ó jókòó lé purotéènì α4β7 lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, kí wọ́n má lè ka àmì tí ó wà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun, kí wọ́n sì kọjá láìwọlé. Oògùn kan mú ìránṣẹ́, èkejì bo ojú ẹni tí a ránṣẹ́ sí. Ìwé tí ó bá sọ pé méjèèjì ń dí olùgbà ti pa ìyàtọ̀ tí dókítà fi yan ọ̀kan sílẹ̀ mú èkejì rẹ́.

Agbàmì ni ó yẹ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe gbà, àti ọ̀rọ̀-orúkọ àmì ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá apẹja àti apẹran. Kò sọ ibi tí nǹkan náà ń gbé, kò sì dá a lẹ́bi. Ó tún ń bímọ: àmì ni ohun tí agbàmì ń dá mọ̀, amú-àmì ni irú infliximab, adí-agbàmì ni irú vedolizumab. Àwọn kan lè fẹ́ adámọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni ìyẹn sọ, àdámọ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn ń lò fún ẹ̀kọ́ òdì sì wà nítòsí rẹ̀ jù.

Wọn yóò sọ pé agbàmì jọ agbami òkun. Ó jọ ọ́ lójú ẹni tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Igba, igbá, ìgbà àti ìgbá ti ń gbé pọ̀ láìjà, atẹ̀wé tí ó bá sì yọ àmì ohùn kúrò ni kí a bá wí. Àtakò tí ó lágbára jù ni ti àwọn tí ó fẹ́ rìsẹ́pítọ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, kò sì pa èdè lára. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ lè fi àwòrán rẹ̀ han ọmọ. Rìsẹ́pítọ̀ kò sọ nǹkan kan fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹ tí wọ́n sì fún ní oògùn tí yóò máa gbà fún ọdún púpọ̀. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè ka gbólóhùn yìí kó sì yé e: oògùn yìí kò pa agbàmì, ó kàn bò ó lójú ni, bí a bá sì dá a dúró, agbàmì yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí ka àmì.