Ibo ni méjì yẹn ti wá?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé níbẹ̀ ni mo wá wò. Mo bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì. Ọmọ tó wà ní yàrá kejì kí mi, ó ní, "Wọ́n ti lọ sí tútóríà, sà. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé ariwo lọ."

Mo tẹ̀ lé ariwo. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kẹta, àwọn ọmọ bí ogójì ti jókòó, àwọn kan lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ dúró níwájú pátákó dúdú tí wọ́n fi ti ògiri. Ó kọ x² síbẹ̀, ó fa ọfà kan, ó wá kọ 2x síwájú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni méjì yẹn ti wá?"

Àwọn mélòó kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé bàbá ẹ ń dáko?"

"Bàbá àgbà ni, sà."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya oko kan tí òòró àti ìbú rẹ̀ dọ́gba. Ó pe ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní x. Ó ní, "Bàbá àgbà fẹ́ kí oko yìí fẹ̀ sí i díẹ̀. Wọ́n ro ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan kún un lókè. Kí oko má bàa wọ́, wọ́n ro irú rẹ̀ kún un lápá ọ̀tún. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó ló wọlé?"

"Méjì!"

"Báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó?"

"Bí oko ṣe gùn, x ni."

"Igun kékeré tó kù ní kọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Bí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá ń tín-ín-rín sí i, tó ń tín-ín-rín sí i, ewúrẹ́ ò ní ríbi dúró sí níbẹ̀. A ò kà á mọ́. Ó ku x kan lókè, x kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni méjì ti wá."

Ariwo "áà!" tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kan kò tíì kúrò létí mi. Èmi náà kọ́ ìṣirò yìí lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn. Mo há a sórí, mo yege, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo béèrè ibi tí méjì ti wá. Ta ni n bá bi? Ọgọ́rọ̀ ènìyàn ló wà nínú gbọ̀ngàn, olùkọ́ dúró lókèèrè pẹ̀lú gbohùngbohùn, ìtìjú sì di ẹnu mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì wa ní, ó sì tó àkókò kí wọ́n gbà á ní ọmọ, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìṣirò owó, kí wọ́n sì san owó fún ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Ní 23 April 1990 ni òfin tó dá Yunifásítì Ladoke Akintola, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí LAUTECH, sílẹ̀ jáde. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní October ọdún yẹn, ọmọ 436 ni wọ́n fún láyè ìgbàwọlé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, olùkọ́ lè mọ ojú, kó tún mọ orúkọ. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lé ní 30,000. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yọ̀ sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ mẹ̀kúnnù ló rí ọ̀nà wọlé. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wà níwájú olùkọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́ náà pé kò rí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú ní ìjókòó ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí n'Ìbàdàn, n'Ífẹ̀ àti l'Ékòó.

Ẹ wá fi ìyanṣẹ́lódì kún un. Láàrin 2016 sí 2017, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì jọ ni LAUTECH, ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí ọ̀rọ̀ owó. Ìgbà tó di November 2020 ló tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Gbogbo ẹni tó ti kàwé ní yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí padà: iṣẹ́ oṣù mẹ́rin di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ló ń fi alẹ́ dí àlàfo yẹn, láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀nà yìí, kí ọmọ máa kọ́ ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ilé kéwú, kì í ṣe áfáà ló ń mú gbogbo ọmọ ka wàláà lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó ti kà síwájú ló ń mú èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá nílùú Ọ̀yọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń wo ọwọ́ ọmọṣẹ́ àgbà kí ọ̀gá tó dá sí tirẹ̀. Ẹni tó la igbó kọjá lánàá ṣì rántí ibi tí ẹ̀gún wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti kọjá níbẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn lè ti gbàgbé pé ẹ̀gún kankan wà níbẹ̀ rárá.

Ní 1973, obìnrin kan, Deanna Martin, gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní Yunifásítì Missouri ní Kansas City, l'Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yege nínú ẹ̀kọ́ kan yóò padà lọ jókòó nínú kíláàsì náà, yóò gbọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ, lẹ́yìn náà yóò kó àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́ jọ láàrin ọ̀sẹ̀, yunifásítì yóò sì sanwó fún un. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé ni wọ́n ń wá kiri. Ẹ̀kọ́ tó le ni wọ́n ń wá. Bí ẹni 30 nínú 100 bá ń fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan, tàbí tí wọ́n ń jáwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n gbé ètò yẹn síbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì láyè láti wá. Ọmọ tó fẹ́ gba A àti ọmọ tí carry-over, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, ń lé yóò jọ jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa nàka sí ẹnikẹ́ni.

Ìtìjú ni mo ń sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé a-béèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, síbẹ̀ mélòó nínú wa ló jẹ́ kí ọmọ wa béèrè? Ọmọ tó jẹ́ pé òun nìkan ni ìdílé rán wá sí yunifásítì, tí ìjọ gbàdúrà fún kó tó gbéra nílé, báwo ló ṣe máa dìde láàrin ọgọ́rọ̀ ènìyàn sọ pé òun kò mọ ibi tí méjì ti wá? Lọ́dẹ̀dẹ̀, ó lè sọ ọ́, torí ẹ̀gbọ́n ló ń bá sọ̀rọ̀, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́ lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A fi ẹ̀rí yẹn sílẹ̀ sórí pẹpẹ ìwé. Àwọn ọmọ Takie gbé e lò láìmọ̀ pé ẹ̀rí kan wà.

Nílùú Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn tó ní ìpèníjà ara. Adití, afọ́jú àti àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ló jọ ń kàwé níbẹ̀. Ògbufọ̀ yóò dúró níwájú, yóò máa fi ọwọ́ sọ ohun tí olùkọ́ ń fi ẹnu sọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé adití yẹn ń ṣe ìmẹ́lẹ́. A gbà níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kí ló dé tí a kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí etí rẹ̀ là, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

N kò sọ pé gbogbo tútóríà ló dára. Àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n ń tà kò ju AOC lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ní ìbéèrè ìdánwò yóò ti wá. Wọ́n ń gbowó, wọ́n ń fún ọmọ ní ìdáhùn tí kò ní ìtumọ̀ lọ́kàn rẹ̀, bí ìbéèrè bá sì yí díẹ̀, ọmọ ti ṣubú nìyẹn. Èyí gan-an ni ìdí tí kò fi yẹ kí yunifásítì máa wò ó níran. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá yan tútọ̀ fúnra rẹ̀, tó fún un ní ìlànà iṣẹ́, tí olùkọ́ sì ń bá a jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti gbọ́ ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọsẹ̀, alágbàtà AOC yóò pàdánù oníbàárà.

Àwọn yunifásítì yóò ní kò sówó. Ẹ dákun, ẹ wo ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní April 2024. Ìjọba ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Mo yìn wọ́n. Àmọ́ ẹ̀yáwó ni. Ọmọ tí carry-over dá dúró fún ọdún kan sí i, gbèsè ọdún kan ló gbé lérí. Bí wọ́n bá fún tútọ̀ kan ní irú ₦20,000 yẹn lóṣù, ogójì ọmọ ló máa jàǹfààní rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n parí. Ọmọ àbúrò mi fi mí mọ olùkọ́ wọn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe fún un. Mo rò pé owó ló máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ó ní, "Bàbá, pátákó yìí, tèmi ni. Ibi tí a máa gbé e sí ni ìṣòro. Onílé ti ní ariwo wa ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé míì la máa wá lọ."

Ó dá ọ̀kadà kan dúró. Ó jókòó sẹ́yìn, ó gbé pátákó náà sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó sì fi apá méjèèjì dì í mú. Bí wọ́n ṣe yípo gba Takie lọ, iná ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn tàn sí i, mo sì rí oko bàbá àgbà lára rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì.