Ògiri Tó Lanu: Ibi Tó Yẹ Kí Àtúnṣe Ilé Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìgbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí la sábà máa ń pa òwe yìí. Lónìí, ògiri gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin èèyàn mi sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ rin Ìjerò já ní ilẹ̀ Èkìtì wa, ẹ gba Arámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ àwọn ilé tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yọ síta bí eyín arúgbó, àgbàrá ti gbá ilẹ̀ tó bò ó lọ, ògiri sì ti sán láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ páànù. Síbẹ̀, bí owó bá bọ́ sí onílé lọ́wọ́, ọ̀dà ló ń kọ́kọ́ rà. Mo ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè olókè bíi tiwa, ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ṣe, ọ̀rọ̀ omi òjò ni kó kọ́kọ́ yanjú, kó tó kan ẹwà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ilé tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò tó tó mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, lítà omi 2,400 ni páànù rẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Àgbá onílítà 200 méjìlá nìyẹn, ẹsẹ̀ ògiri ni gbogbo rẹ̀ sì ń já bọ́ sí. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá la ń rí irú òjò bẹ́ẹ̀, ọdọọdún sì ni. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí a fi amọ̀ àti òógùn ojú mọ lágbára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá la ọ̀nà fún àgbàrá, àgbàrá yóò la ọ̀nà fún ara rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa fẹ́ràn ẹwà, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kó wà. Agbọnbíọfẹ́, ọmọ ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n, tó papò dà ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ààfin Aláayè ní nǹkan bí 1916. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà Yorùbá ló mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe: òun ló gbé etí òrùlé jáde jìnnà sí ògiri amọ̀, kí òjò má baà máa nà án. Ohun tó ń dáàbò bo ilé ni wọ́n fi ọnà sí lára. Àwa tí a gé etí òrùlé kúrú kí ilé lè jọ ti ìgbàlódé, a ti mú ààbò kúrò, a wá ń fi ọ̀dà bo ojú ibi tí òjò ti jẹ.

Ẹlòmíràn yóò ní owó ni kò jẹ́. Mo mọ̀ pé owó ṣòro, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ìbàjẹ́ ṣe ń wọlé ni àtúnṣe náà lè gbà wọlé. Òkúta kò wọ́n wa ní Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Ìmẹ̀sí. Kí a tò ó sí ibi tí omi páànù ń já bọ́ sí, kí ẹrẹ̀ má baà máa ta sára ògiri. Kí a kó ilẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀, kí a gún un kó le, kó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé. Kí a wá la gọ́tà kékeré tí yóò sin omi lọ. Ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ọjọ́ Sátidé bíi mélòó kan ti tó fún gbogbo èyí.

Sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣìnà. Ògiri amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u sílẹ̀. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi tó wọ inú rẹ̀ kò ní tètè rí ọ̀nà jáde mọ́. Bó bá pẹ́, sìmẹ́ǹtì náà yóò wú, yóò sì ṣí kúrò pẹ̀lú amọ̀ lára. Amọ̀ ni kí a fi dí ẹnu ògiri amọ̀. Kí a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí a pò ó mọ́ koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kí a wọ́n omi sójú ibi tó sán, kí a tó rẹ́ ẹ. Bó bá gbẹ tán, kí a fi ẹfun kùn ún. Amọ̀ funfun wà nínú ilẹ̀ Ìjerò níbí.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí a kúkú da kọnkéré bo gbogbo àyíká, kí ẹrẹ̀ tán. Ẹrẹ̀ yóò tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò tí ilẹ̀ ì bá mu yóò di àgbàrá, ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì forí lé. Ohun ọ̀gbìn ló ń di ilẹ̀ mú. Kí a gbin koóko ọba tàbí ọ̀pẹ òyìnbó ní ìlà tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Gbòǹgbò wọn yóò dá erùpẹ̀ dúró, a ó sì rí ohun mu àti ohun jẹ níbẹ̀. Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí. Kí ewúro àti tẹ̀tẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí a ó fi máa ká a. Èèpo kòkó tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni ajílẹ̀ wọn. Bí ewúrẹ́ bá ń yọni lẹ́nu, kí a fi lápálápá sọgbà, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí a máa ká èso rẹ̀ dànù, májèlé ni fún ọmọdé. Máńgòrò náà dára, bó bá ti jìnnà sí ògiri tó ogún ẹsẹ̀ bàtà.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, omi tó dúró níbẹ̀ sì ni ẹ̀fọn ti ń wá. Láyé òyìnbó, wọlé-wọlé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba, ń yẹ ìkòkò omi wò nínú agboolé, ẹni tó bá ní tanwíjí nínú omi ń rí ìjà ìjọba. Ìbẹ̀rù wọlé-wọlé ti lọ, ìbà kò lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé àgbá sábẹ́ páànù láti gbe omi òjò gbọ́dọ̀ fi aṣọ tó nípọn di ẹnu rẹ̀, kó sì máa da omi tó bá dúró sínú táyà àti agolo nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ayálégbé lè sọ pé ilé kì í ṣe tòun. Ara tí ìbà ń mú, tirẹ̀ ni. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó tàbí ìlú òyìnbó tó sì ń kọ́lé sílé, kó ra gọ́tà kó tó ra máàbù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, lórí òkè, kò sí ẹni tó lè dá ilé tirẹ̀ nìkan tún ṣe. Omi tí mo lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ló ń lọ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Kí àwọn tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà ṣe ọ̀wẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n la gọ́tà kan ṣoṣo láti òkè dé odò, kí olúkúlùkù sì máa kó ìdọ̀tí kúrò níbi tó kàn án. Àtúnṣe tó ba ilé aládùúgbò jẹ́ kì í ṣe àtúnṣe.