Ìyá Wa ní Santana
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Rélùwéè

A bá ìdílé tí ó sọmọ lórúkọ ní Sátidé tí ó kọjá yọ̀. Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí mo ti ẹnu iṣẹ́ dé láti Agbor, mo yà ní Ọjà Santana láti ra èlùbọ́. Mo bá ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, wọ́n fajúro. Wọ́n ní: “Akọ̀wé, kókó kan wà ní ọmú mi. Dókítà ní kí n lọ ya MRI. Mo gbọ́ pé wọn yóò tì mí sínú ihò bí òkú inú pósí. N kò lọ.”

Mo lọ bi nọ́ọ̀sì kan nínú wa, ó sì là mí lóye. Ẹ̀rọ náà kì í lo ẹ́síréè. Òòfà ńlá ni, pẹ̀lú ìgbì rédíò. Obìnrin yóò dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, wọn yóò sì fún un ní oògùn ní iṣan apá, kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí jù lè hàn kedere. Ariwo rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń gun afárá, ṣùgbọ́n kì í dunni. Kí ó sáà bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà sílẹ̀, kí ó sì sọ bí irin bá wà nínú ara rẹ̀, tàbí bí ó bá lóyún. Nítorí ẹ̀rọ yìí ni Lauterbur ará Amẹ́ríkà àti Mansfield ará Gẹ̀ẹ́sì fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003.

Ọmọ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, wà ní Chicago. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi MRI yẹ obìnrin 295 tí ewu àrùn yìí súnmọ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, láàárín 2004 àti 2016. Jẹjẹrẹ 17 ni wọ́n rí, kò sì sí èyí tí ó ti ràn dé abíyá. Ẹ rí i pé àtètèrí ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe gbogbo obìnrin ni yóò ya MRI, nítorí ó wọ́n. Ẹ́síréè ọmú tàbí skáànù ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. MRI pàápàá kì í dájọ́ tán. Àfi bí a bá fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá wa ti gbà láti lọ ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó mi ni yóò sìn wọ́n. Owó rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ohun tí ẹ bá ní wá fún akápò wa ní ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin obìnrin wa, bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó, ẹ má fi í pamọ́ o.

Ó dìgbà kan ná.