Ẹ Má, àbí Ẹ Máa? Lẹ́tà Gbangba sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ọ̀gá wa Kọmíṣọ́nnà,

Mo mọ̀ pé ìwé tó wà lórí tábìlì yín kò kéré, n kò ní fi oríkì fa ọ̀rọ̀ gùn. Atẹ̀wé ni mí ní Abẹ́òkúta. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, báńnà ṣọ́ọ̀ṣì, báńnà mọ́sáláṣí àti pósítà àwọn olóṣèlú. Ohun tí aráàlú bá kọ, kí ó tó hàn sójú títì, ọwọ́ irú wa ló ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló gbé bíírò lé mi lọ́wọ́. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo sin ìyàwó ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, n kò sì ní sọ ìlú tó wà, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́ báyìí:

E MA FUN OMO NI OMI TITI TI YOO FI PE OSU MEFA.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ kà á sókè fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ máa fún ọmọ ní omi títí tí yóò fi pé oṣù mẹ́fà." Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Kí ni mo ti ń sọ láti ìjẹta? Omi ò pa ọmọ rí."

Ọ̀gá wa, ohun tó wà lọ́kàn àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ lómi rárá, ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń wí. Ohun tí ògiri wí ni pé kí wọ́n máa fún un. Ìlà kíún kan tó yẹ kó wà lórí "a" ni kò sí níbẹ̀. Obìnrin yẹn kì í sì í ṣe òpè. Ó mọ ìwé kà dáadáa, ó kan kà á bí gbogbo wa ti ń kọ ọ́ lórí fóònù ni: "ma" fún "má", "ma" fún "máa", "ma" fún ìyá ẹni tí à ń kí láàárọ̀.

Mo fa bíírò yọ, mo fi àmì lé orí "a" náà. Nọ́ọ̀sì kan rí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba bébà wa jẹ́." Mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò bá yé á bi àwọn. Ẹni tó ti rí ohun tó wù ú kà kì í béèrè mọ́ ṣá.

Ẹ lè wí pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò kàn yín. Òótọ́ ni, Kọmíṣọ́nnà mìíràn ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni ẹni tó kọ bébà yẹn ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kà á.

Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, tí wọ́n wá ṣi lẹ́tà kan péré kọ, ẹnì kan ì bá ti ya á dànù kí ilẹ̀ tó ṣú. Akọ̀wé ìjọba tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì jákujàku kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé òun máa fojú winá. Ta lẹ ti gbọ́ rí pé wọ́n pè kó wá sọ tẹnu rẹ̀ nítorí pé ó ṣi Yorùbá kọ? A ti fẹnu kò láìjókòó ìpàdé pé kò sí àṣìkọ nínú Yorùbá: bó bá ṣe wu oníkálukú ni kó kọ ọ́, ẹni tó gbọ́ èdè á gbọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ọmọdé tí à ń dá lẹ́bi pé wọ́n ń kọ "shey" fún "ṣé" kàn bá ilé tí kò ní olùṣọ́ ni.

Ẹ wá wo ohun tí ojú wa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá kan mú ètò ìsìnkú ìyá wọn wá, 500 ẹ̀dà. Wọ́n ti sọ fún un pé bàbá yìí a máa yọ èèyàn lẹ́nu lórí àmì, nítorí náà ó ti fi àmì sí i láti ilé. Ó bù ú wọ́n ọn bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Iwájú ìwé gan-an, lókè àwòrán màmá tó wọ àrán, ni ó kọ ọ́ sí: ÌYÀ WA TI LỌ SINMI.

Mo wo bébà, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìyà yín ló lọ sinmi ni, àbí ìyá yín?" Ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe bákan náà ni?" Mo ní kó pe àgbà ilé wọn kan wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dé, ó kà á sókè bí wọ́n ti kọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá n kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó ní lóòótọ́ ni ìyá àwọn jìyà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí àwọn fẹ́ fi pe àna nìyẹn.

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, báńnà a bo gbogbo oríta: EKU ODUN. Wọ́n fẹ́ kí wa ni, eku ni mo ń rí. EKU ISE, EKU ORIIRE, EKU INAWO. Bí ológbò bá mọ̀wé ni, kò ní ráyè sùn ní gbogbo Abẹ́òkúta. Ẹlòmíràn a kọ "ohun ni aburo mi" nígbà tó fẹ́ kọ "òun ni àbúrò mi", ó ti sọ ọmọ ìyá rẹ̀ di nǹkan. Orúkọ ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ńkọ́? Odò Ògùn la fi sọ ọ́ nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní 1976. Nínú ìwé Yorùbá tí kò lámì, Ìpínlẹ̀ Ogun la di, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kógun jà wá. Ẹlòmíràn tó fẹ́ gbìyànjú a kọ ọ́ ní Ògún, ó gbé wa fún òrìṣà onírin. Ọ̀tà níbi tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí jù di "ota", kí èèyàn máa fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá ìlú ni, bóyá ọta ìbọn ni, bóyá ọ̀tá ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ilẹ̀ wa ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó bá ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú kúrò lọ́dọ̀ ara wọn pàdé níbí, níbí náà ló ti ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Ní 1859, míṣọ́nnárì Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, títí rògbòdìyàn Ìfọ́lé fi lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde ní 1867. J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé, ìwé tó kọ́ bàbá mi àti èmi níwèé, ọmọ Ìbarà ni. Àwa tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ṣe ìwé ìròyìn, àwa náà là ń fi Yorùbá ṣe wọ́nranwọ̀nran lára ògiri.

Kò sì sí pé òfin kò sí. Ní 1875 Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ odindi ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965. Ní 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa lò títí dòní. Èyí ló ní kí a kọ ayé dípò aiye, ènìyàn dípò enia, wọ́n dípò nwọn. N kò bá àwọn àgbàlagbà tó ṣì ń kọ "aiye" jà o. Wọ́n ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé, òfin inú Bíbélì àtijọ́ ni, ojú kan náà ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí. Àwa òde òní kọ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà mẹ́ta nínú bébà kan ṣoṣo.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ni kò jẹ́. Mo lo tapuráítà, ọ̀gá wa. Lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó mú bíírò, a ó máa to àmì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lónìí, Yorùbá wà lórí kíbọọ̀dù Google nínú fóònù àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, bí o bá tẹ "o" mọ́lẹ̀ pẹ́, "ọ" á yọjú. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣe àgídí. Ó ń fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ bàbá mi bí ẹni pé bàbá mi ni àṣìkọ, àwọn lẹ́tà kan sì máa ń sọ àmì wọn nù sórí ẹni kejì wọn. À ń tún un ṣe ni. Àmì kò sì gba owó, ẹsẹ̀ bàtà la fi ń ṣírò báńnà.

Ilé ẹ̀kọ́ ló kù. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, olùkọ́ wa á fi ọ̀pá lu tábìlì: ọkọ, re re, ọkọ́, re mí, ọkọ̀, re dò. (Ọ̀kan ṣì kù nínú ìdílé ọ̀rọ̀ yẹn tí àwa ọmọkùnrin máa ń dúró dè kí a lè rẹ́rìn-ín. N kò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ yín.) Kí ìdánwò tó dé, dò-re-mí ti wọ̀ wá létí, kò sí ẹni tí yóò fi ìyá pe ìyà. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí, mo bi í pé ohùn wo ló wà lórí orúkọ rẹ̀. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé àmì ohùn, àwọn ọmọ yunifásítì ló ni ín. Olùkọ́ tó bá ráyè lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń jù sí kíláàsì Yorùbá, bó mọ̀ ọ́n, bí kò mọ̀ ọ́n. N kò bá a wí. A kò kọ́ òun náà.

Ìjọba Èkó ṣe òfin ní 2018 pé dandan ni kíkọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn. Mo yọ̀ nígbà náà, mo sì ṣì ń yọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè mú ọmọ jókòó sí kíláàsì Yorùbá kí olùkọ́ má sì mọ "má" yàtọ̀ sí "máa".

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tó òfin. Ẹ jẹ́ kí gbogbo bébà, báńnà àti pátákó Yorùbá tí ìjọba bá fẹ́ gbé síta, ì báà jẹ́ ti ìlera, ti ìdìbò tàbí ti kí a má da ilẹ̀ sí gọ́tà, kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ Yorùbá, kí orúkọ ẹni náà sì wà nínú fáìlì, kí a lè mọ ẹni tí a ó bi. Àwọn tó gba NCE nínú Yorùbá wà nílẹ̀, mo mọ ọ̀kan tó ń gun ọ̀kadà. Ẹ kó àwọn olùkọ́ pírámárì jọ nígbà ọlidé, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún dò-re-mí kọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi Yorùbá kọ orúkọ ìpínlẹ̀ yìí síbìkan, ẹ dákun, ẹ fi àmì méjèèjì lé e lórí. Bí ẹ bá nílò ẹni tí yóò tẹ ìwé náà, n kò ní gbowó àmì.

Mo padà sí ilé ìwòsàn yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti yọ bébà tí mo fi bíírò kàn. Wọ́n ti tẹ tuntun, ó mọ́, ó dán, wọ́n sì ti fi rọ́bà bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà lè kọ nǹkan sí i lára mọ́. E MA FUN OMO NI OMI ló wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Atẹ̀wé kan ní Abẹ́òkúta.