Pákó Tútù, Pákó Gbígbẹ

Kò sí ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò mọ wọ́dúróòbù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé mọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé. Káfíńtà là ń bú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ń wo bí àwọn tibẹ̀ ṣe ń la igi tiwọn. Ẹ̀bi káfíńtà kọ́, ẹ̀bi owó ni.

Ìjì oṣù kẹwàá 1987 wó igi tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2012 sì ni wọ́n ti rí àrùn tó ń pa igi ash níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ń rún wómúwómú tàbí kí wọ́n fi dáná. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wọ́ ẹ̀rọ ìlagi lọ bá ìtì igi níbi tó wó sí. Wọ́n á là á, wọ́n á kun orí pákó méjèèjì kó má baà sán, wọ́n á tò ó ní ìpele ìpele, igi tẹ́ẹ́rẹ́ á wà láàárín kí atẹ́gùn lè kọjá. Wọ́n ní pákó tó nípọn ní íǹṣì kan á lo bí ọdún kan kó tó gbẹ.

Nílé ńkọ́? Wọ́n á la ìrókò tàbí arère láàárọ̀, káfíńtà á gbé e lọ́sàn-án, nítorí ìyàwó tuntun ń retí bẹ́ẹ̀dì. Owó àsansílẹ̀ ti bá pákó lọ. Ta ló fẹ́ kí owó oúnjẹ ọmọ òun sùn síta fọ́dún kan? Tó bá di ìgbà ọyẹ́, pákó á súnkì, á sì wọ́.

Igi tútù yìí kan náà sì ni ọ̀rẹ́ agbẹ́gilére! Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá tó kú ní 2009, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé ọmọ Àrẹ̀ògún ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ìran agbẹ́gilére ló ti wá, igi tútù ló sì rọ̀ lábẹ́ àáké wọn. Ère kì í ṣí, kì í tì bí ilẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé òyìnbó ti borí wa tán o. Tábìlì igi àdúgbò tiwọn, olówó ló ń rà á. Tábìlì IKEA olówó pọ́ọ́kú ni tèmi àti ti aládùúgbò mi. Nílé, igi kì í ṣòfò: èèpo igi tó bọ́ lára ìtì pàápàá ń di igi ìdáná oníṣẹ́ gàrí.

Káfíńtà Ìlá ò nílò ẹ̀rọ òkèèrè kankan kí pákó rẹ̀ tó gbẹ. Àtíbàbà onípáànù tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ti tó, oòrùn tiwa sì mú ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Àwa tí à ń fowó bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wa, ẹ jẹ́ ká san owó pákó lọ́dún yìí, ká ní kí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì lọ́dún tó ń bọ̀.