A RÍ ALERT MÀMÁ, A Ò RÍ MÀMÁ

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ó sì korò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré tẹ "Àmín" kẹ́ ẹ tó kà á tán.

Látìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣí lọ́jọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹjọ 2020, inú wa ń dùn. A ti nu àga, a ti ra ọṣẹ àti sànítáísà, a ti fi àlàfo sáàárín ìjókòó. Ṣùgbọ́n ìkéde kan náà ló ní kí àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún 65 ṣì jókòó sílé. Kí wá ni ètò wa fún wọn? A ní kí wọ́n máa bá wa sìn lórí Zoom. Ẹni tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì, Zoom wo ló fẹ́ wọ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó ń tì wá lójú. Màmá kan wà nínú ìjọ wa, opó ni, tíṣà ni, ó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìntì. Kí Kòrónà tó dé, aago márùn-ún ìdájí ló ti máa ń wà níbi àdúrà. Tó bá di Sátidé, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó rán an. Ìparí oṣù, ó ń lọ ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹni tó fẹ̀yìntì ò níṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó jáde, kó rí èèyàn, kí èèyàn rí i. 30 Oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ku òun àti rédíò, òun àti fèrèsé. Ọmọ tó ń fún un lówó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Pẹ́ńṣọ̀n ò fi kọ́bọ̀ kan lé sí i, gààrí sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́.

Kí la ṣe ní tiwa? Ọjọ́ Àìkú kì í lọ láìjẹ́ pé a fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́: nọ́ńbà àkáǹtì ìjọ, "ẹ má gbàgbé ọrẹ àti ìdámẹ́wàá yín." Màmá ò gbàgbé. Oṣooṣù ló ń rán ọmọ aládùúgbò lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Alert ń wọlé, à ń dáhùn pé Ọlọ́run á bù kún yín. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹnì kan ò pè é nínú wa. Nígbà tó di Oṣù Keje, alert ò wọlé mọ́. Ìgbà yẹn la tó rántí Màmá. Ẹ tún un kà: ìgbà tówó dúró la tó rántí èèyàn.

Nígbà tá a débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó máa lo odindi ẹyọ kan lójúmọ́, ọ̀bẹ ló fi ń gé e sí méjì kó lè pẹ́. Kó tó kí wa tán, ó ti ń bẹ̀ wá: "Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Owó toṣù yìí, oògùn ni mo fẹ́ fi rà." Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa! Àwa tó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a gbé e dé ọsibítù, ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n ẹ má bá wa pè é ní ẹ̀rí. Ìtìjú wa ni.

A mọ ohun tí àwọn pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa máa sọ. Wọ́n á ní Ọlọ́run ni Màmá ń fún, kì í ṣe àwa. Wọ́n á tún mú opó tó ju owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí wá, Lúùkù orí 21. Ẹ ṣí ojú ewé padà díẹ̀. Ní ìparí orí 20, kété ṣáájú opó yẹn, àwọn olùkọ́ òfin tó ń fi àdúrà gígùn bo ojúkòkòrò, tí wọ́n ń kó ohun ìní opó mì, ni Jésù ń bá wí. Orí 21 la fi ń gba ọrẹ, àmọ́ ìparí orí 20 là ń fò.

Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì ń san rẹ́ǹtì. Òótọ́ ni, àwa náà ń san án. Ṣùgbọ́n nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, nígbà tí wọ́n gbójú fo àwọn opó kan níbi oúnjẹ, àwọn àpósítélì ò ní kí opó lọ gbààwẹ̀ sí i. Èèyàn méje ni wọ́n ní kí ìjọ yàn láti bójú tó o. Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Nínú ìjọ tiwa, ọmọ tó ti ní eyín lẹ́nu ló ṣì ń fa ọmú òkété arúgbó.

Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá nígbàgbọ́, Kòrónà ò lè mú un, kó máa bọ̀. Ẹ má fi ẹ̀mí àgbà dán ìgbàgbọ́ yín wò o! Àgbà tó jókòó sílé ò fà sẹ́yìn. Àwa la fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tá a ti pinnu nìyí, ẹ sì lè bi wá tá ò bá ṣe é:

1. A ti yọ nọ́ńbà gbogbo àgbà tó ti fẹ̀yìntì kúrò nínú tẹ́ẹ̀sì owó.
2. Ọ̀dọ́ kan, àgbà mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kó máa pè wọ́n. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ṣé oògùn yín ṣẹ́ kù?"
3. Ọrẹ Àìkú tá a máa kọ́kọ́ gbà, oògùn àgbà la máa fi rà. Kí aṣọ tuntun akọrin dúró ná.
4. Ẹni tí ò lè wá, a máa lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ká wọ ìbòmú, ká dúró lókèèrè, ká jọ gbàdúrà.

Pásítọ̀ tó bá ń bínú sí wa, kó kọ́kọ́ pe àgbà kan nínú ìjọ rẹ̀ kó tó fèsì.

Ọlọ́run Bàbá opó, dárí jì wá. Má jẹ́ káwọn àgbà wa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ká tó tún ọ̀nà wa ṣe, lórúkọ Jésù.

Ó yá, ẹ pè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n tán, ẹ wá tẹ "Àmín" yín.